Iṣẹ́ Réésà

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún nílé ìkàwé Ṣiatúrà,
ìlú tó há sáàárín òkè tí wọ́n ti ń wa màngánísì,
kò ju kí n pa ohun tí òǹkàwé fi pẹ́ńsù kọ sétí ìwé rẹ́.
"Mzevinar," ni ọ̀gá mi wí, "ìwé ìjọba kì í ṣe ògiri.
Bó ṣe ti ilé ìtẹ̀wé wá ni kó ṣe padà sórí pẹpẹ."

Ìwé ìtàn àròsọ kì í fún mi níṣẹ́.
Wọ́n á sunkún sí i, wọ́n á dá a padà.
Àwọn tó ń kọ́ni bí a ti í gbé ayé ni wàhálà:
ìwé ọlọ́gbọ́n, ìwé bí ìlú ṣe yẹ kó rí,
ìwé bí owó táṣẹ́rẹ́ ṣe lè tó jẹun oṣù.
Àwọn yẹn ni wọ́n máa ń bá jà.

Ọlọ́gbọ́n kan ní ẹni tí ẹrù rẹ̀ kéré ni oorun rẹ̀ ń dùn.
Ẹnì kan fa ìlà sí i nídìí, ó kọ ọ́ tẹ́ẹ́rẹ́:
"N kò ní nǹkan kan.
Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò fojú kan oorun."

Níbi tí òmíràn ti ní iṣẹ́ ọwọ́ ń sọ ènìyàn dòmìnira,
ìka dúdú kan wà níbẹ̀, ìka awakùsà,
eruku tí réésà kankan kò lè mú kúrò.
Kò kọ ọ̀rọ̀. Ìka náà nìkan ni.
Mo kà á sí èsì tó pé.

Tsiala, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì
(mo mọ eéje rẹ̀, òun ló kọ́ mi),
ro owó búrẹ́dì, owó gáàsì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru
sẹ́yìn ìwé tó ń kọ́ni bí a ti í ṣọ́wó ná.
Ó dín ní lárì mẹ́tàdínlógún.
"Òǹkọ̀wé yìí, wá rí mi lẹ́yìn tí a bá jáde ní kíláàsì."

Nugzar, tó ń wa àpótí irin tí okùn ń fà gòkè, bínú jù wọ́n lọ:
"Àwùjọ, àwùjọ! Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?
Ọjọ́ tí iná lọ tí a so rọ̀ lókè odò fún wákàtí mẹ́ta,
obìnrin kan pín èso àjàrà rẹ̀ sọ́nà mọ́kànlá.
Kò bi ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé yín."
Mo pa á rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo.
Bí mo bá gbé ojú ìwé náà sójú fèrèsé,
mo ṣì ń rí èso àjàrà.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.
Wọn ò sọ bí a ó ti ṣe é
bí àgbà bá lọ tẹ ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí oorun sùn yẹn,
nígbà tí ìwé náà tún padà, ọwọ́ mìíràn ti fèsì:
"Èmi náà. Ilé kẹta sí ilé-oògùn, àjà kejì.
Tíì wà. Má kan ilẹ̀kùn kíkan, ajá ń sùn."

Mo wo òǹtẹ̀ ọjọ́. Oṣù márùn-ún ló wà láàárín wọn.
Mo gbé réésà. Mo gbé e kalẹ̀.
Ọ̀gá bi mí níbi tí ìwé náà wà,
mo ní ó wà lọ́wọ́ òǹkàwé.
Irọ́ kọ́. Èmi náà mọ̀wé kà.

Mo fi í síwájú pátápátá, nítòsí ilẹ̀kùn,
níbi tí ẹni tójú rẹ̀ pọ́n lè rí i kó tó bọ́ kóòtù.
Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti yá a lọ. Èmi kọ́ ni mo wà níbẹ̀.

Lánàá mo gba ọ̀nà ilé-oògùn lọ sílé, kì í ṣe ọ̀nà mi.
Òjò dídì ń bọ́. Mo wòkè.
Iná ń jó ní àjà kejì.
Ajá kò gbó.